Má Tíì Dá Sirajudeen Lóhùn

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ọláníyan,
Ẹ̀yìn Àgọ́ Palace,
Ìsọlọ, Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Rùkáyátù ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Rùfáì,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Orúnkún òsì tó ń dùn ọ́ lásìkò ààwẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti rọ̀ díẹ̀? Rùfáì ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ìbejì? A kú ọdún Iléyá tó kọjá, a kú òjò tó ń rọ̀ yìí. Mo gbọ́ pé ẹ ti gbin àgbàdo tán ní Ìsẹ́yìn, kí Ọlọ́run jẹ́ kó so dáadáa. Àwa náà wà níbí, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Mardiyah ọmọ ọmọ mi gba ipò kejì ní kíláàsì rẹ̀ ní táàmù tó kọjá. Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé ẹni tó gba ipò kìíní yẹn, ó ní láti jẹ́ pé ìwé Mardiyah ló ń yọjú wò.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. O mọ̀ pé igbe ni àwa méjèèjì máa ń pa bí a bá wà lórí fóònù, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ìyàwó ọmọ mi máa gbọ́ láti kíṣìnnì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Fẹ́yìsetán, tí a jọ ń lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, ló máa gbà á lọ́wọ́ mi láàárín irin géètì, tí yóò fi fún awakọ̀ tó ń kó aṣọ òkè láti ọ̀dọ̀ yín wá sí ọjà Aswani. Jẹ́ kí ìyàwó Rùfáì kà á fún ọ. Má jẹ́ kí Rùfáì kà á, nítorí òun àti Sirajudeen ọmọ mi kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ara wọn.

Sirajudeen sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé òun ti pè ọ́, pé kí o wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Èkó, àti pé o ní kí òun fún ọ dòpin oṣù. Ó sọ fún ọ pé kí o wá bá mi ṣeré. Rùkáyátù, kì í ṣe eré. Ó fẹ́ kí o wá máa ṣọ́ mi ni. Má tíì dá a lóhùn títí o ó fi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá, Tíṣà Tamílọ́rẹ, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní ìwé, kó àwa obìnrin mẹ́fà lọ sí ilé sinimá kan nítòsí Apakun. Ó ní ìdánwò ìwé kíkà ni. Àwọn ará etí omi ló wà nínú fíìmù náà, èdè Ègùn ni wọ́n ń sọ, wọ́n wá kọ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Rùkáyátù, mo kà á! Ìgbà tí mo wọ sinimá gbẹ̀yìn, Bàbá Sirajudeen ló mú mi lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀ṣòdì, oyún Sirajudeen wà nínú mi, mo sì sùn lọ kí wọ́n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ṣẹ́jú. Àṣìṣe wa kan ni pé a ò tíì mọ bí a ṣe ń kàwé láìla ẹnu. Ní kíláàsì, a máa ń ké e pọ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde lára ògiri báyìí, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á figbe ta: “Ìyàwó mi, ẹja ti tán nínú omi!” Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní, “Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á.” Fẹ́yìsetán yíjú padà, ó ní, “Ọmọ mi, ọgọ́ta ọdún ni mo fi dákẹ́. Fi mí sílẹ̀ lónìí.” Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé kí kálukú pa fóònù rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á jáde. Inú mi dùn, mo sì pa tèmi kíá. Nígbà tí a jáde, a jókòó síta, a ń jẹ gúgúrú tó kù, a ń tún fíìmù náà sọ fún ara wa, mi ò sì tan fóònù náà mọ́. Mi ò sọ fún wọn nílé pé sinimá la ń lọ. Kíláàsì ni mo sọ, aago méjì sì ni kíláàsì máa ń parí. Ó ti tó aago márùn-ún ààbọ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ní Àgọ́ Palace.

Mardiyah ti dé láti ilé-ìwé, kò bá mi nílé. Ó pe Adétóun ìyá rẹ̀. Adétóun pè mí títí, fóònù mi kò lọ. Sirajudeen fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣòdì, ó sáré lọ sí kíláàsì wa, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ̀rù bà á, mi ò sì bá a wí nítorí ẹ̀rù. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ó gbé fọ́tò mi sórí Wásáàpù àdúgbò. Kí n tó délé, fọ́tò náà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo oníkẹ̀kẹ́, ó ti dé Aswani níbi tí mo ti tajà, wọ́n ti kéde mi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí. Bí mo ṣe yọ lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí èèyàn bí ogún níwájú ilé wa. Wọ́n rọ́ wá bá mi, wọ́n ń gbá mi mọ́ra, àwọn kan ń sunkún. Mo ti bá wọn sunkún díẹ̀ kí n tó bèèrè ẹni tó kú.

Lọ́jọ́ kejì, Mardiyah fi ohun tí bàbá rẹ̀ kọ sábẹ́ fọ́tò náà hàn mí. Mo wọ gíláàsì mi, mo kà á fúnra mi: “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa sọnù. Orúkọ wọn ni Ṣubúọlá Sàláwù, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Wọ́n wọ bùbá aláwọ̀ ewé. Wọn kì í rántí nǹkan dáadáa mọ́.” Mo tún un kà, bóyá mo ṣì í kà. Mi ò ṣì í kà.

Mo pe Sirajudeen. Mo ní, “Kí ni mo gbàgbé rí?”

Ó ní, “Màámi, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Bí mi ò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ kàn rìn jáde ni, kò ní sẹ́ni tó máa wá yín.”

“Mo kàn rìn jáde ni lóòótọ́.”

“Màámi, ẹ ṣáà má bínú.”

“Kọ òmíràn. Kọ ọ́ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ó wolẹ̀. Ó ní àwọn lánlọ́ọ̀dù fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ wá mi dé Apakun, kí lòun fẹ́ sọ fún wọn? “Ṣé kí n ní gúgúrú lẹ ń jẹ ní sinimá?” Mo ní kí ló burú nínú gúgúrú. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó kọjá, Màámi. Àwọn èèyàn á gbàgbé.”

Wọn ò gbàgbé o. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè rìn kọjá ojúlé mẹ́ta. Oníkẹ̀kẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Teslim, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Bí ó bá ti rí mi, á dúró. “Ìyá wa, ibo là ń lọ?” Mo ní ata ni mo fẹ́ rà. “Ẹ wọlé, ẹ wọlé.” Mo wọlé, ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó gbé mi wá sílé. Mo bú u. Ó ní, “Ẹ máa bú mi, ìyá mi. Bí ìyá tèmi náà ṣe ń bú mi nìyẹn nígbà tí nǹkan ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ lára wọn.” Kí lo fẹ́ kí n fi dá irú èyí lóhùn? Bí mo bá bínú, àìsàn náà ni. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, àìsàn náà ni. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á mi orí.

Mo lè fara da ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni ti ọjọ́rú. O mọ̀ pé ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sẹ́ni tó pè mí, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún mi. Mo rí i pé èrò pọ̀, mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kan kó lè rọ́wọ́ tú báàgì rẹ̀, mi ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo mọ̀wé kà, Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́lájí kó káàdì lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa pe orúkọ. Èmi a pe ọmọ oṣù méjì báyìí pé, “Ọ̀gá mi Táíyé Ọládàpọ̀, wọ́n ń retí yín nínú lọ́hùn-ún!” Àwọn ìyá á rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ náà bá gba abẹ́rẹ́ tán tó ń ké, èmi ni màá gbé e. Màá wá ka ọjọ́ tí wọ́n á padà wá fún ìyá tí kò mọ̀wé, màá gbé ìka rẹ̀ lé e, mi ò ní jẹ́ kó lọ títí á fi sọ ọjọ́ náà padà fún mi.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀lé ọjọ́ sinimá, mo pe orúkọ ọmọ kan, mo nawọ́ láti gbà á. Ìyá rẹ̀ fa ọmọ sẹ́yìn. Kò fi ìbínú ṣe é. Ó rọra ṣe é, bí a ṣe ń fa aṣọ kúrò nítòsí iná. Ó ní, “Ẹ má ṣe wàhálà, Màmá, mo ti mú un dání.” Mo wojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti rí fọ́tò mi. Ẹni tó tẹ̀lé e ṣe bákan náà. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́lájí pè mí sí kọ̀rọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Màmá, ẹ lọ sinmi díẹ̀ ná.” Mo ní, “Dìgbà wo?” Ó ní, “Kí ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀ ná.” Ó gba àwọn káàdì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Teslim pàdé mi lọ́nà lọ́jọ́ náà, mi ò bá a jà. Mo wọlé sínú kẹ̀kẹ́, mo jókòó.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń ti géètì bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní nítorí olè ni. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà, kò sí èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Sirajudeen fi nǹkan kan sínú fóònù mi tó ń fi ibi tí mo bá wà hàn án, bí ẹni pé kò mọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, àlejò kún ilé, gbogbo wọn ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n Adétóun gé ẹran mi sí kékèké, ó ní, “Ẹ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.” Eyín mi pé, o mọ̀. Tíṣà Tamílọ́rẹ wá bẹ Sirajudeen kí n lè padà sí kíláàsì. Ó dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé màá padà bí a bá ti rí ẹni tí yóò máa tẹ̀lé mi. Ìwọ ni ẹni náà.

Bá mi kí àwọn ìbejì, kí o bá mi kí ìyàwó Rùfáì tó ń ka ìwé yìí, ẹnu rẹ̀ á ti gbẹ. Kí o bá mi kí gbogbo ará agbo ilé wa, pàápàá àwọn tó ń bèèrè mi.

Rùkáyátù, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá sí Èkó. Àárò rẹ ń sọ mí débi pé mo máa ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú ilé tí kò sẹ́nì kan, Ọlọ́run má jẹ́ kí Adétóun gbọ́. Nítorí náà, mọ̀ pé kò rọrùn fún mi láti kọ ọ́: má wá. Bí o bá wá báyìí, àwọn ìyá wọ̀nyẹn á rí èmi níwájú, ìwọ lẹ́yìn, wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i, wọ́n ti wá ẹni tó ń tọ́jú wọn.” Ó parí nìyẹn. Mi ò ní fọwọ́ kan káàdì mọ́ láyé mi.

Bí Sirajudeen bá pè, sọ fún un pé o máa wá, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ síbi tó kọ ti àkọ́kọ́ sí pé orí ìyá òun pé, sinimá ló lọ, òun ló ṣàṣìṣe. Kí ó sì mú mi lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́rú kan, kí ó sọ ọ́ lójú àwọn ìyá. Ó máa ń gbọ́ tìrẹ ju tèmi lọ. Bí ó bá ní ojú ń ti òun, sọ ohun tí èmi kò lè sọ fún un. Sọ fún un pé nígbà tí ó wà lọ́mọ oṣù mẹ́sàn-án, oṣù mẹ́ta gbáko ni káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi wà nínú àpótí mi, pé mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, ojú sì tì mí láti bèèrè. Sọ fún un pé ìwọ lo pọ̀n ọ́n sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí àrùn tí abẹ́rẹ́ náà wà fún kọlù ú. Bí ó bá gbọ́ ìyẹn, tó sì kọ ohun tí mo ní kó kọ, wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, èmi gan-an ni màá tẹ́ ibùsùn rẹ.

Bí kò bá kọ ọ́, má wá, bí ó ti wù kó bẹ̀ ọ́ tó, bí èmi fúnra mi bá tilẹ̀ pè ọ́ tí mò ń sunkún pé kí o máa bọ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ṣubúọlá Sàláwù
(Ìyá Sirajudeen)