Àpò Àwo Jáàsì Ọkọ Mi

                                                  Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                  Òkè-Baálẹ̀,
                                                  Òṣogbo.
                                                  Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kejì, 2025.

Yéjídé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹun dáadáa? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ mú yín gan-an lọ́dún yìí. Ní tiwa, a dúpẹ́, Alihamudulilahi. Kàósárà, ọmọ ọmọ mi, ti wọ yunifásítì. Orí ìwé rẹ̀ pé. Èmi ló jọ, kì í ṣe bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà, Abdulhameed ọmọ mi, ni mo fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ọ́.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé èwo ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn àwo orin jáàsì tí ọkọ mi fi sílẹ̀. O mọ̀ pé nígbà tó jẹ́ gáàdì ọkọ̀ ojú irin, kì í lọ Kánò kó má mú àwo kan bọ̀. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n. Èyí tó jẹ́ dùùrù nìkan ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó máa ń rán mi létí òórùn ọṣẹ ọwọ́ ọkọ mi. Kò ní fọwọ́ kan àwo láìjẹ́ pé ó fọ eruku ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́. Èyí tí ọkùnrin kan ti ń fọn fèrè bí ẹni tí ń sunkún, òun ló ń gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí a sin àbúrò Abdulhameed. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń wá ibi jókòó sí.

Ṣùgbọ́n àpò àwọn àwo náà ni ìṣúra mi. Ẹ̀yìn àpò kọ̀ọ̀kan ni ọkọ mi máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa sí. Nígbà ayé rẹ̀, n kò mọ̀wé, n kò sì béèrè ohun tó ń kọ. Ìgbà tí mo ṣe tán ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, àpò kan ní Jímọ̀ kan, kí wọ́n má baà tètè tán. Mo ti ka méje.

Lóṣù tó kọjá mo lọ kí àwọn ẹbí mi ní Ìbòkun. Nígbà tí mo dé, Abdulhameed ti tún yàrá bàbá rẹ̀ ṣe, ó sì ti fi férémù àti gíláàsì sí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi ní kíláàsì. Inú mi dùn, mo ṣàdúrà fún un. Mo wá yí férémù náà padà láti wo ibi tí a óò fi kọ́ ọ. Ìkọ̀wé ọkọ mi ni mo rí. Mo ka "Lónìí ni Mọ́nsúrátù", ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti gé e.

Gbogbo àpò náà ni Abdulhameed ti kó fún Cornelius oníférémù, pé kó máa fi wọ́n ṣe páálí ẹ̀yìn àwòrán.

Nígbà tí mo bi ọmọ mi, ó ní, "Màmá, ikán ló ti ń jẹ wọ́n. Àwọn àwo yín pé, mo tiẹ̀ ti kó orin wọn sórí fóònù fún yín. Mo rò pé ẹ ò lè ka nǹkan tó wà níbẹ̀ ni."

Yéjídé, ìwé ẹ̀rí pé mo mọ̀wé wà lórí tábìlì láàárín èmi àti òun nígbà tó ń sọ ọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ta ló wá ní kó máa fi àkísà àgbà tọrẹ?

Mo lọ bá Cornelius. Ó ní mẹ́rìnlá ti lọ sẹ́yìn àwòrán oníbàárà, tèmi náà wà nínú rẹ̀, àti pé kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún ìyókù, ọwọ́ òun dí. Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ bí àwọn òṣómàáló ilẹ̀ yín ti ń ṣe sí ajigbèsè. Ó bi mí pé orúnkún mi ńkọ́. Mo ní orúnkún mi ti dáyé ṣáájú ìsọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kó mẹ́wàá fún mi, ó sì kọ orúkọ àwọn tó gbé ìyókù lọ.

Ilé hẹdimásítà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni a kọ́kọ́ lọ. Mo jẹ́ kí Abdulhameed fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ṣe. Wọ́n sọ àwòrán ọ̀gá náà kalẹ̀, Abdulhameed sì yọ ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn kò gé ti ibẹ̀ rárá. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á sókè ní pálọ̀ onílé:

"Mọ́nsúrátù kò fẹ́ràn àwo yìí. Ó ní ariwo ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ ni. Lónìí mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó ń gbálẹ̀, tó ń jó o. N kò jẹ́ kó mọ̀ pé mo rí òun."

Hẹdimásítà rẹ́rìn-ín. Abdulhameed ń wolẹ̀. Mo tún kà á. Ó lé ní ogójì ọdún tí ọkùnrin yẹn fi mọ̀, ó gbé e dé sàréè, kò sọ fún mi.

Nígbà tí a jáde, Abdulhameed bẹ̀ mí pé kí a fi ìyókù sílẹ̀, pé àwọn ènìyàn á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ilé méjìlá ló kù. Òun ló ń ra páálí tí a fi ń rọ́pò, òun náà ló ń gbé òòlù.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà wà ní Ìwàràjà, nítòsí yín. Lọ́jọ́ Sátidé, bí a bá ṣe tán níbẹ̀, a óò yà kí yín. Fún Abdulhameed lóúnjẹ o, ṣùgbọ́n má bá a bẹ̀ mí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé.

                                                  Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ṣì ń bí,
                                                  Mọ́nsúrátù Àkànó.