Yàrá Iwájú Tí Mo Fún Ènìyàn Mẹ́ta

Kàmíl ọmọ mi,

Lágbára Ọlọ́run, ayọ̀ ni ìwé yìí yóò bá ní ilé rẹ ní Abidjan. Ṣé ara ìyàwó le, ṣé àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ ní Yopougon dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́, àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ ti bímọ. Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́ lórí fóònù, torí ojú ń tì mí kí o gbọ́ ohùn mi.

Ṣé o rántí bí o ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi, pé díísìkì, tí kọ̀ǹpútà ń kó ìwé àti àwòrán pamọ́ sí, ló kún inú àpótí irin ńlá kan, tí ẹ sì ń pín àyè inú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà? O ní ẹni tó bá béèrè àyè ńlá, ẹ ó kọ ọ́ fún un bí gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nílẹ̀, torí gbogbo wọn kì í kó ẹrù dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n yẹn wọ̀ mí lára gan-an.

Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Alájì Àrìmíyàù pè láti Adjamé, ní Abidjan yín níbẹ̀, pé kí n bá àwọn tọ́jú yàrá iwájú, mo ní ó ti di tiwọn. Àbúrò mi Ìkírámù náà pè láti Abobo níbẹ̀, mo ní tìrẹ ni. Kadidja àbúrò rẹ náà pè láti Bingerville pé òun àti Patrick ọkọ òun ń gbé ọmọ tuntun bọ̀, mo ní yàrá iwájú ń dúró dè wọ́n. Mo mọ̀ pé Ìkírámù kì í rówó ọkọ̀, Patrick kì í sì í rí àyè níbi iṣẹ́, ọkàn mi bá balẹ̀ bíi ti ọ̀gá yín.

Ọkọ̀ kan náà ló kó gbogbo wọn dé. Wọ́n ti bá ara wọn jà lórí yàrá náà kí wọ́n tó kọjá ilẹ̀ Ghana. Ta ló máa lé abiyamọ jáde? Ìkírámù tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi lọ sùn ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo wa la sùn sábẹ́ páànù tí àwọn rà, àfi àwọn nìkan. Wọn kò jẹ ẹran ọdún, wọ́n wọkọ̀ padà. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Kàmíl.

Ìyá rẹ ní o sọ fún wa pé ẹ̀rọ yín máa ń ké tí àyè bá fẹ́ tán, tí ẹ ó sì fi díísìkì kún un. Ó ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ilé tèmi kò ké. Àbí àwọn oníbàárà yín kì í ṣe Iléyá ni?

Jọ̀wọ́, lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn, kí o bá mi dọ̀bálẹ̀. Má dárúkọ díísìkì níbẹ̀. Fi owó síméǹtì díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi yàrá kan kún ilé. Mo ti kó kúrò ní yàrá tèmi lọ sí ti ìyá rẹ, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. Kọ́kọ́rọ́ yàrá mi ló wà nínú ìwé yìí, gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, kí o sọ pé àwọn nìkan ni mo fún.

Ọlọ́run yóò kó gbogbo yín wálé ní àlàáfíà, kódà bó jẹ́ ọjọ́ kan náà.

Èmi bàbá rẹ,
Lábọ̀dé