Wọ́n Ní Kí N Jẹ́wọ́ Ikọ́ Ife

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà. Ara mi ti ń yá, ẹ má dààmú rárá.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń fún mi lóògùn ibà ní Warri níbí, kí dókítà kan tó rí i pé ikọ́ ife ni. Ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó wọ ikùn, ó sì dé egungun ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún éèdì, wọn ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n Mùsbáù ọkọ mi, èyí obìnrin, ní kí n jẹ́wọ́ ọkùnrin tó kó o ràn mí! Wọ́n ní ikọ́ lásán ò lè mú èmi tí mò ń dá gbé ìdì aṣọ ní ọjà Enerhen!

Dókítà fúnra rẹ̀ sọ fún wọn pé, "Madam, e dey catch person wey strong too."

 Wọ́n gbé ọmọ mi lọ sí Ekete, ìlú kan lẹ́bàá Warri, wọ́n ní kí n lè ráyè sinmi ni.

Mùsbáù ń kí yín. Ojú fèrèsé ló ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ má tíì wá o. Tí mo bá ti lè dìde jókòó, n óò pè yín.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò ṣe ohun tó lè tì wọ́n lójú.

Ramlah