Bàbá Rẹ Kò Bú Ẹnikẹ́ni Mọ́

Tolúwalàṣẹ Àtàndá, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni Àbújá jí? Ṣé iná wà, ṣé ọ̀gá rẹ ò jágbe mọ́ ọ? Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ ní Ilare, bẹ́ẹ̀ ni ire á máa mọ́ ọ lójú. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan jọ ọ́ níwájú orí.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni mọ́! Ayálégbé wa gíga yẹn tí bàbá rẹ máa ń bú ní Ọ̀pá-Àsíá wá bi mí pé kí ló ṣe bàbá tí wọ́n fi ń pe òun ní orúkọ tí ìyá òun sọ òun. Wọn kì í jẹun tán, wọ́n ń fi oògùn ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀, wọ́n á kàn jókòó máa wo ẹsẹ̀ wọn bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ sí Sábó.

A dé ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Bàrákàt bi wọ́n pé ṣé inú wọn máa ń bàjẹ́, wọ́n ní a dúpẹ́. Ṣé ọkàn wọn balẹ̀? A dúpẹ́. Ta ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ pe ibi? Èmi náà ń ṣàmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ìka gbé nọ́ńbà wọn jáde, mo ní kó gún èmi náà, ká mọ ẹni tí inú ẹ̀ bàjẹ́ jù nínú àwa méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣúgà lẹ̀rọ ń rí, inú, ẹnu ló ń sọ ọ́. Ni mo bá sọ fún un pé wọn ò bú Ọ̀pá-Àsíá mọ́, wọn ò sì jẹun tán. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìpáyà máa ń bá ìtọ̀ ṣúgà rìn, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe aráyé, ó sì ní ìtọ́jú. Ó wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò lẹ́sẹ̀ yẹn. Bàbá rẹ ní wọ́n mà gé ẹsẹ̀ Awóyẹmí ọ̀rẹ́ àwọn nítorí ìtọ̀ ṣúgà yìí kan náà.

Nọ́ọ̀sì ní ká padà wá rí dókítà kan tí kì í gúnni, etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi sínú fóònù mi o, gíláàsì ẹ̀ ti sán, kó má lọ jò dànù. Kí o sì pe bàbá rẹ, sọ ìsọkúsọ kí wọ́n lè rí nǹkan bú. Ọlọ́run á fún ìwọ náà lẹ́ni tí o lè sọ òótọ́ inú rẹ fún.

Ìyá rẹ ni.

Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú wo lẹ́tà yìí, wọ́n ní ó dà bí ibi tí adìyẹ ti jà. Àtàndá, wọ́n bú mi! Ijó ni mo ń jó yìí.