Ìlà Tí Mo Kọ fún Yàrá Màmá

Yàrá Ẹ̀rọ,
Ilé Ìtọ́jú Àwọn Arúgbó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ó ti lé ní ogún ọjọ́ tí a ti dágbére ní pápákọ̀ òfurufú lẹ́yìn ìsìnkú Màmá. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ní tèmi, ara le, àárẹ̀ ni kò lọ. Mo ń sùn, àmọ́ oorun náà kì í ṣiṣẹ́ kankan lára mi.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí ó kan Màmá. O rántí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín àwòrán fún àwọn tẹlifíṣọ̀n ilé yìí. Yàrá tó bá béèrè nìkan ló ń fún. Lóòrèkóòrè, á máa bi wọ́n pé, ta ló ṣì ń wò? Tẹlifíṣọ̀n tó bá dákẹ́, á gé e kúrò. Ti Màmá ti gbó, kì í dáhùn, ìdí nìyẹn tí o fi bẹ̀ mí pé kí n kọ ìlà àṣẹ kan sínú ráútà náà: kó máa fi ìkànnì àwọn ẹranko ránṣẹ́ sí yàrá wọn nígbà gbogbo, kó má béèrè nǹkan kan. Bí Màmá ṣe rí kìnnìún tí wọ́n ń bá wí bí ọmọ ilé nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò pa ìlà náà rẹ́. Mo máa ń lọ jókòó sí yàrá wọn nígbà ìsinmi ọ̀sán, kí n wo kìnnìún díẹ̀. Ṣùgbọ́n lóṣù yìí, arúgbó mẹ́ta tuntun wọlé sókè níbi tí yàrá Màmá wà, oníkálukú pẹ̀lú ìkànnì tirẹ̀. Wáyà tó lọ síbẹ̀ kò gba gbogbo wọn mọ́, àwòrán bá ń dá dúró lójú kan. Bàbá Tíṣà, tí yàrá wọn kángun sí ti Màmá, pè mí.

"Oníwáyà, àwọn èèyàn inú tẹlifíṣọ̀n mi ń kọsẹ̀ ju èmi tí mò ń fi ọ̀pá rìn lọ. Ṣé arúgbó lẹ kó síbẹ̀ náà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó fà á: kìnnìún Màmá ṣì ń gba àyè nínú wáyà náà tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò fẹ́ débẹ̀. Mo tú wáyà, mo so ó padà. Mo pa ráútà, mo tún tàn án. Asán ni. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wá rọra sọ fún mi pé bí kò bá dára kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn á kó tẹlifíṣọ̀n òkè kúrò pátápátá. Wọn ò tiẹ̀ pariwo mọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ta ni àwọn arúgbó wọ̀nyẹn tún ní, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí kò ṣe tẹlifíṣọ̀n? Lánàá, mo wá ìlà náà rí, mo sì pa á rẹ́. Nígbà tí mo fi máa gòkè, àwòrán ti ń lọ geere. Bàbá Tíṣà ò tiẹ̀ wojú mi, eré bọ́ọ̀lù ti gbà wọ́n lọ́kàn. Mo wọ yàrá Màmá, mo tan tiwọn wò. Kò mú nǹkan kan wá. Mo pa á, mo ká aṣọ ìbora tó wà lórí ìjókòó, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìyàwó mi ní kí n kí ọ púpọ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ló nira fún ọ jù, torí ọjọ́ yẹn lo máa ń pe Màmá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Má jáwọ́. Nọ́ńbà tèmi ni kí o máa pè. Màá máa gbé e.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń rò ọ́,
Bọ̀dá Oníwáyà.