Aṣọ Tí N Kò Ṣí

Ìyá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé ibi tí ẹ wà, wọn kì í gba lẹ́tà níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni, torí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú agbo ilé yìí tí kò ní pa òwe lé mi lórí.

Bàbá ti dá egbò. Lókè ìdí ni, ó jìn débi pé àtàǹpàkò mi lè wọ inú rẹ̀. Èmi ni mo fà á, Màámi.

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wẹ̀ wọ́n. Ẹ ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì máa gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀yin méjèèjì láti ìta. Nígbà tí ẹ lọ, mo pọn ọmọ mi, mo padà sí Ìrèmọ wá tọ́jú wọn. Ọkọ mi yọ̀ǹda. Mò ń po ẹ̀kọ, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń da póò nù. Ṣùgbọ́n ìwẹ̀? Bàbá ní ọmọbìnrin kì í wo ìhòhò bàbá rẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ mi, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

A wá ṣe é pé kí Bọ̀dá, ọmọkùnrin yín, máa wá láti Ẹdúnàbọ̀n ní gbogbo Sátidé láti wẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni epo ọkọ̀ wọ́n, mọ́tò ò sí lójú pópó. Sátidé kan kọjá, ìkejì kọjá, ó di mẹ́fà. Èmi ń fi aṣọ ìnura nu ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Ibi tí aṣọ ìbora bá dé, ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ń dúró.

Màámi, mo gbọ́ òórùn. Èyí ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní nápíkì ọmọ ni. Mo fọ nápíkì, òórùn ò lọ. Mo ra káńfọ̀, mo jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá! Ẹ̀rù ló ń bà mí láti ṣí aṣọ. Bàbá náà mọ̀; ó ń dùn wọ́n, wọn ò sọ.

Ẹ rántí Fúnmi, ọ̀rẹ́ mi ní ilé ìwé tó máa ń jẹ dòdò yín tán? Ó ti di nọ́ọ̀sì. Ó wá wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Kò tíì jókòó tó fi dijú, tó fa imú. Ó wọ yàrá Bàbá, ó kí wọn, ó ṣí aṣọ. Nígbà tó jáde, ó fà mí lọ sẹ́yìnkùlé.

“Ìwọ yìí, ṣé imú ẹ ti dí ni?”

“Fúnmi, n kì í wò wọ́n níbẹ̀ ni. Bàbá mi ni.”

“Àní bàbá ẹ ni! Ìtìjú kì í wo egbò sàn.” Ó wò mí títí, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ta ló ń ràn ẹ́ lọ́wọ́?”

Ẹkún ló jáde lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, bí Bàbá ṣe jí ni wọ́n ń bèèrè.

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi omi oníyọ̀ fọ egbò náà, kí n sì máa yí Bàbá padà ní wákàtí méjì méjì. Ọmọ á máa ké lórí ẹní, ọwọ́ mi á wà lábẹ́ Bàbá. Èwo ni kí n fi sílẹ̀? Egbò ò sàn. Fúnmi ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eegun, àfi ọsibítù. Bàbá ní àwọn ò lọ, kí gbogbo ayé má baà wo ìdí àwọn. Ṣé kí n gbé wọn tipátipá? Báwo lẹ ṣe máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbà?

Ní báyìí, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi ọwọ́ òsì fa fìlà wọn láti orí ìrọ̀rí, wọ́n fi bo ojú. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é láti ọjọ́ náà. Bí mo bá wọṣọ fún wọn tán, mo máa ń dúró kí wọ́n ṣí fìlà náà fúnra wọn, kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn.

Lónìí, mo wọṣọ fún wọn tán, mo kúnlẹ̀, mo dúró. Àyà wọn ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Wọn ò ṣí fìlà lójú.

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí apá rẹ̀ ò ká a mọ́.