Fíìmù Ìgbéyàwó Rẹ Ti Mọ́ Kedere

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìgbẹmọ-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1998.

Sẹ̀gilọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Jùwọ́n ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé ọkọ rẹ. Ṣé ara yín le? Ṣé ooru Èkó kò pọ̀ jù? Ọlọ́run tó mú ìyá rẹ lọ, tó fi èmi sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí ìbànújẹ́. Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí o mọ̀ pé mo wà láàyè. Mo ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ti ní mo wà láàyè yẹn.

Tíṣà Olúwọlé ló ń bá mi kọ ọ́, ẹni tó fi pàṣán kọ́ ọ ní ABD kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo bá sọ ló gbọ́dọ̀ kọ, nítorí èmi ni mo ra bébà, ẹ̀pà mi náà ló sì ń jẹ bó ṣe ń kọ ọ́. Ó ti ní kí n fi sùúrù sọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní gbogbo sùúrù tí mo ní ni mo fi gbin kòkó tó rán ọ lọ sílé ìwé, kò ṣẹ́kù.

Ìrẹsì ọdún yìí dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ kò jẹ́ kí a sinmi. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Orúnkún mi tí ẹ tìtorí rẹ̀ ní kí n má wá síbi ìgbéyàwó, òun náà ló ń gbé mi lọ sóko lójoojúmọ́, tó sì ń gbé mi bọ̀. Ó jọ pé ọ̀nà Èkó nìkan ni kò mọ̀.

Mo rántí ohun tí o kọ sí mi lẹ́yìn Àjíǹde. O ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, o ní ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi kò dára, o ní ẹ ó ya fíìmù rẹ̀ ránṣẹ́, n ó sì rí ohun gbogbo bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Mo ti dá agbádá òfì sílẹ̀ nígbà náà. Mo ká a padà sínú àpótí, mo fi káńfọ̀ sí i. Mo gbà fún ọ, torí ìwọ lo kàwé.

Fíìmù dé lóòótọ́. O ní ẹ̀gbọ́n Jùwọ́n tó wálé láti Amẹ́ríkà ló fi kámẹ́rà tirẹ̀ yà á. Tẹlifíṣàn tí mo fi owó kòkó rà nígbà tí o wà ní pírámárì kẹta, tí o máa ń fi etí ìró ìyá rẹ nù, òun la gbé sí àárín pálọ̀, a sì ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú fídíò tí o rà fún mi ní Kérésì. Èèyàn kún ilé débi pé Adébíyìí elépo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú aṣọ epo lára.

Sẹ̀gilọlá, eérú ni a rí. Kò sí pupa, kò sí àwọ̀ ewé, gbogbo yín rí bí ẹni tó bọ́ sínú ààrò. Àwòrán náà kò sì dúró. O gba inú àjà jáde, o tún yọ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ìlà kan sì ń gba ọrùn gbogbo yín kọjá bí ẹni ń fi okùn so iṣu. Adébíyìí ní bí wọ́n ṣe ń jó l'Ékòó nìyẹn. Mo bá a wí, mo ní nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà, wọn kò tí ì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo gbá tẹlifíṣàn náà létí bí a ṣe máa ń ṣe, kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo sá kásẹ́ẹ̀tì náà sórí ẹní ìrẹsì títí oòrùn fi yẹ̀, torí mo rò pé ohun tó bá kámẹ́rà Amẹ́ríkà kọjá lórí omi òkun, ọ̀rinrin lè wà nínú rẹ̀. A tún wò ó, eérú náà ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ohun funfun kan tó ga ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. A kò rí ojú rẹ̀, a kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń mì bí èéfín. Ó di apá rẹ mú, ó rọra ń mú ọ lọ. Mo wò ó títí, omi bọ́ lójú mi. Mo dìde láàárín èrò, mo ní Àyọ̀kẹ́ ni. Mo ní ìyá ọmọ yìí ló wá mú un lọ fún ọkọ, nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kò dára. Gbogbo pálọ̀ kígbe Halelúyà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé àpò ìrẹsì kan àti àkùkọ méjì lọ fi ṣe ìdúpẹ́, wòlíì fi ọ̀rọ̀ náà wàásù, àwọn ìyá ìjọ sì jó yí mi ká. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá láti àdúgbò gbogbo, pé kí Bàbá Sẹ̀gi jọ̀wọ́ jẹ́ kí àwọn náà rí Àyọ̀kẹ́.

Mo wá rò ó pé bí a bá rí i tó báyìí nínú eérú, báwo ni yóò ti rí bí ó bá mọ́? Wọ́n ní ọkùnrin kan wà l'Ádó tó ń jẹ́ Olúfúnṣọ́, tó ní ẹ̀rọ tó ń yí fíìmù òkè òkun padà kí tẹlifíṣàn ilé wa lè gbà á. Mo yọ agbádá òfì náà nínú àpótí, mo wọ̀ ọ́ lọ, torí ìyá rẹ ni mo ń lọ bá.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkèṣà ló wà. Ó ní ṣé òde ni Bàbá ń lọ ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá là á yé mi pé iye àwòrán tí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ń yà kí èèyàn tó ṣẹ́jú yàtọ̀ sí tiwa, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń po àwọ̀ rẹ̀ náà sì yàtọ̀, ẹ̀rọ òun ni yóò tún un yà sórí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́nà tiwa. Mo ní ó yé mi, kóńgò tiwọn kì í ṣe kóńgò tiwa, ó kàn fẹ́ tún ìrẹsì náà wọ̀n ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo ní kí ó bá mi ṣe é kíákíá. Ó ní kò ṣe é kánjú ṣe, bí ìgbéyàwó náà bá ṣe gùn tó ni ẹ̀rọ yóò ṣe pẹ́ tó, àti pé kí n jókòó kí n máa wò ó.

Mo jókòó. Àwọ̀ dé. Mo rí ojú rẹ, ojú ìyá rẹ ni gẹ́lẹ́. Mo na ọrùn kí n rí òun fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin ni. Kóòtù funfun ni ó wọ̀, ó sanra, ó fi òdòdó há àyà, ó di apá rẹ mú bí ẹni tó gbé ọ pọ̀n nígbà ìkókó. Pásítọ̀ bi í ní nǹkan kan ní gẹ̀ẹ́sì, ó dáhùn, ó sì fa ọwọ́ rẹ lé Jùwọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ dé gbọ̀ngàn, ó jókòó sí àga tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́, Jùwọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, ìwọ kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọ lórí. Ti obìnrin tó jókòó sí àga ìyá, n kò bá ọ jà. Òkú kò lè dìde wá jókòó. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́?

Olúfúnṣọ́ kò mọ nǹkan kan. Ó nawọ́ sí ọkùnrin náà, ó ní bàbá ìyàwó yìí gbayì o, ó jọ pé ọ̀gá ńlá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé kí ni èmi jẹ́ sí wọn. Tèmi ti agbádá òfì lọ́rùn, mo ní èmi àti bàbá ìyàwó jọ ń dáko nílùú kan náà ni. Ó ní kí n bá òun kí i. Mo ní yóò gbọ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ojú kò tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo Ìgbẹmọ kò pe orúkọ mi mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, Bàbá Sẹ̀gi ni wọ́n ń pè mí. Ta wá ni Bàbá Sẹ̀gi báyìí? Ṣé o sọ fún wọn pé mo ti kú ni? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, irú ikú wo lo ní ó pa mí? Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo délé, mo bi Tíṣà ní ohun tí pásítọ̀ béèrè. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òun ti gbọ́ ọ, torí àwòrán nìkan ló bàjẹ́, ohùn mọ́. Pásítọ̀ béèrè pé ta ló fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí, ọkùnrin náà sì dáhùn pé, “Èmi ni.” Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní kí òun tó la ẹnu, mo ti ń sunkún ayọ̀, òun kò sì mọ bí a ṣe ń gba òkú padà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ti gbé bírò sílẹ̀ báyìí, ó ń nu awò ojú rẹ̀. Mo ní kí ó gbé e, a kò tí ì parí.

Ìṣòro tó wà ńlẹ̀ nìyí. Kí n tó lọ sí Adó, mo ti kéde pé ní ọjọ́ Ìkórè, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo ìjọ wá wo Àyọ̀kẹ́ nínú àwọ̀ tó mọ́. Wòlíì ti pè é lórí pẹpẹ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó fẹ́ wò ó ṣáájú, mo ń sọ fún wọn pé NẸ́PÀ ti mú iná lọ, gílóòbù sì ń tàn lókè orí wa. Inú àpò ìrẹsì ni mo tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì náà sí.

Mo ti padà lọ bá Olúfúnṣọ́ l'Ádó, mo bi í pé ẹ̀rọ tó lè yí Amẹ́ríkà padà di Nàìjíríà, ṣé kò lè yí ẹnì kan padà di ẹlòmíràn ni. Ó ní bí wọ́n ṣe yà á nìkan ni ẹ̀rọ òun lè yí padà, kò lè yí ohun tí wọ́n ṣe padà. Èmi gbà pé ti ẹ̀rọ Adó nìyẹn, torí kò tí ì ju ọdún méjì lọ tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa. Ti Èkó yóò ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, mo fi fọ́tò mi sínú ìwé yìí, èyí tí mo yà fún káàdì ẹgbẹ́ àgbẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ kì í rẹ́rìn-ín náà. Kí wọ́n gbé ọkùnrin yẹn kúrò, kí wọ́n fi mí síbẹ̀. Tíṣà ti kọ àwọ̀ agbádá náà sẹ́yìn fọ́tò.

Bí ẹ̀rọ Èkó náà bá kọ̀, ìwọ ni kí o wá. Wá ṣáájú Ìkórè, ìwọ àti Jùwọ́n, kí o sì gbé aṣọ funfun náà dání. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa dé iwájú pẹpẹ, ìṣísẹ̀ méjìdínlógún ni. Orúnkún tí kò dára yìí ni mo fi kà á. Olúfúnṣọ́ yóò gbé kámẹ́rà tirẹ̀ wá, tí tẹlifíṣàn ilé gbogbo wa lè gbà. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi wọ ọkọ̀. Bí ó bá ṣẹ́kù, ra káńfọ̀ bọ̀, kòkòrò ti ń rìn nínú òfì náà.

Mo sọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan nípa ọmọ tó bá ṣe irú èyí sí bàbá rẹ̀. Tíṣà kọ̀ jálẹ̀, kò kọ ọ́, mo sì ti gbé e mì. Èyí tí ó kọ nìyí: Ọlọ́run yóò fún ọ lọ́mọ. Ilé ọkọ rẹ kò ní gbóná mọ́ ọ. Wàá rí ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ, ọmọ náà kò sì ní fi fíìmù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ.

Tíṣà ti kọ́ mi ní ohun tí wòlíì yóò béèrè àti ìdáhùn rẹ̀. Kò gùn rárá. Mo ń sọ ọ́ lóko, mo ń sọ ọ́ fún ewúrẹ́ ìyá rẹ, mo sì sọ ọ́ nínú mọ́tò tó gbé mi bọ̀ láti Adó lẹ́ẹ̀kejì títí ẹni tó jókòó tì mí fi sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí wọ́n bá tún bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ta ló fi Sẹ̀gilọlá fún ọkọ,

Èmi ni,
Bàbá rẹ,
Adéyẹyè, Bàbá Sẹ̀gi.